Àdúrà Ilé, Àdúrà Ìjọ: Bí A Ṣe So Wọ́n Pọ̀ Nílé Wa ní Àkúrẹ́

Ata ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, níbí ní Àkúrẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ọkọ̀ tó ń kó tàtàṣé àti tòmátì bọ̀ láti Òkè Ọya ti máa ń já ẹrù. Ẹni tí kò bá tètè débẹ̀, èyí tó ti rọ̀ ló máa bá nílẹ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó lọ́nà Oǹdó, òun náà kì í pẹ́ nílé. Ọmọ mẹ́rin la bí: àkọ́bí wa ọkùnrin ti pé ọdún 15, àbíkẹ́yìn wa obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 5. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ilé pásítọ̀, kì í sì í ṣe ilé tí àyè gbà. Ilé tí kálukú ti ń sáré ni.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn ìyá tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ní ìjọ wa ń bi mí pé kí ni mo ṣe fún àwọn ọmọ mi tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń rán mi létí ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú. Ohun tí a ṣe ni mo fẹ́ kọ síbí, bí a ṣe ṣe é gan-an. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ṣì í ṣe ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi àdúrà bá ọmọ wí

Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àdúrà ilé wa ti di ilé ẹjọ́. Aago márùn-ún ìdájí, màá kan ilẹ̀kùn yàrá wọn gbàgbàgbà, màá ti máa kọrin lọ, wọ́n á jáde tìpin-tìpin lójú. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kì í pẹ́ tí màá fi dé orí ẹni tó ṣẹ̀ mí lánàá. "Olúwa, ìwọ lo mọ ọmọ tó jókòó ti ògiri yìí. Ìwọ lo mọ ẹni tí mo rán níṣẹ́ tó lọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Bá mi fa ẹ̀mí agídí tu lára rẹ̀." Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí. Àwọn yòókù á ṣàmín kíkan-kíkan. Òun náà á ṣàmín, torí bí kò bá ṣe é, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, mi ò mọ ohun tó mú mi lajú láàárín àdúrà. Gbogbo wọn ló dijú àfi àkọ́bí mi. Ó tẹ orí ba, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ fa ìlà sórí sìmẹ́ńtì, ó fà á lọ, ó fà á bọ̀, bí ẹni tó yà sábẹ́ òrùlé olórùlé tó ń retí kí òjò dá kó lè máa bá tirẹ̀ lọ. Kò bínú. Kò sunkún. Ó kàn ń retí kó tán ni. Ká ní ó já ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ni, ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo rí i lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí mo ti fi kọ́ ọmọ yìí ni pé Ọlọ́run ni ẹni tí ìyá òun máa ń fẹjọ́ òun sùn. Nígbà tí ìyá ò bá sí ńlé, ta ló máa fẹ́ lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀?

Nítorí náà, kí ẹ tó ra Bíbélì tuntun, kí ẹ tó yan àkókò, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ yín, ẹ pè é sẹ́yìn ilé, ẹ bá a wí bó ṣe tọ́, kí ọ̀rọ̀ náà tán níbẹ̀. Bí kò bá tíì tán nígbà tí àkókò àdúrà tó, ẹ fi í sílẹ̀ di lẹ́yìn àdúrà. Bí ẹ bá sì ti ń ṣe irú ohun tí mo ṣe yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ bẹ ọmọ náà. Mo bẹ tèmi. Mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí a jọ ń gbá iwájú ilé pé, "Mo ti ń fi àdúrà nà ọ́, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Kò fèsì, ó ń gbálẹ̀ lọ. Ó tó oṣù mélòó kan kí ó tó gbà pé òótọ́ ni mo sọ.

Àkókò, ibi ìjókòó, àti fóònù

Ẹ má ṣẹ̀dá àkókò tuntun. Ẹ wá èyí tí ilé yín ti ń pàdé tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi àdúrà sí i. Ní tiwa, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni, ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kó abọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ kíyè sí i pé mo ní kí wọ́n tó kó abọ́. Bí abọ́ bá ti kúrò nílẹ̀, wọ́n ti tú ká nìyẹn, ẹ ò ní rí wọn kó jọ mọ́. Ìdájí tí mo fi dandan lé tẹ́lẹ̀ kò dára fún wa, torí èmi fúnra mi ni mo máa ń wo aago, ọkàn mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ata.

A ò pa ti òwúrọ̀ tì o. Ìdúró la fi ń ṣe é, lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú àpò ilé ìwé léjìká: Sáàmù kan tí a mọ̀ sórí, Àdúrà Olúwa, kí kálukú sì súre fún ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Sáàmù 121 la kọ́kọ́ kọ́. Ẹsẹ mẹ́jọ ló ní, a ń kọ́ ẹsẹ kan lọ́sẹ̀, nígbà tí oṣù méjì fi máa pé àbíkẹ́yìn wa tí kò tíì mọ̀wé kà náà ti ń kà á láìsinmi.

Ti alẹ́, ìṣẹ́jú 15 ni a fún un. Àkọ́bí ló ń ṣọ́ aago. Bó bá ti pé, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé, "Màámi, àkókò ti tó," bó tiẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mò ń gbàdúrà lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ ń bà mí nínú jẹ́ díẹ̀ pé kí wọ́n dá mi dúró níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ̀ pé àdúrà ní òpin kì í sá fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Abọ́ pẹrẹsẹ kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù wa. Inú rẹ̀ ni gbogbo fóònù ń wọ̀, ti bàbá wọn náà. Ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ pè é nígbà mẹ́ta tí fóònù ń gbọ̀n nínú abọ́ tí kò dìde, àwọn ọmọ wojú ara wọn. Ìwàásù tó ṣe fún wọn lọ́jọ́ yẹn, èmi ò lè ṣe irú rẹ̀. Bí kò bá sí iná, a máa ń tan àtùpà tí wọ́n ń sá sóòrùn, a ó gbé e sáàárín. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń sún mọ́ ara wọn.

Ìtàn kan, ìbéèrè kan

Kì í ṣe orí Bíbélì gbogbo la ń kà. Ìtàn kan ni, tàbí ìdajì rẹ̀. Ọkọ mi kò lè gbàdúrà gígùn létí ẹlòmíràn, ojú máa ń tì í, ṣùgbọ́n ó mọ̀wé kà, ó sì máa ń yí ohùn padà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn bá ti yí padà. Nítorí náà, òun ni òǹkàwé wa. Ẹ̀yin ìyá tí ń sọ pé bàbá àwọn ọmọ kì í dá sí àdúrà ilé, ẹ fún un ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ má fún un ní èyí tó ń tì í lójú.

Lẹ́yìn kíkà, ìbéèrè kan péré. Mo ti jáwọ́ nínú bíbi wọ́n pé "Ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́?" Wọ́n ti mọ ìdáhùn tí mo fẹ́ kí n tó la ẹnu: ká máa gbọ́ràn, ká máa ṣòótọ́, ó parí. Ohun tí mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀ ni mo máa ń bi wọ́n báyìí.

Ẹ wo ọjọ́ tí a ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12. Hẹ́rọ́dù ti ti Pétérù mọ́lé, ìjọ sì kóra jọ sílé Màríà ìyá Máàkù, wọ́n ń gbàdúrà fún un. Áńgẹ́lì tú Pétérù sílẹ̀, ó wá kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Róòdà jáde, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ayọ̀ kò jẹ́ kó rántí ṣílẹ̀kùn, ó sáré wọlé lọ sọ fún wọn. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí. Àbíkẹ́yìn ní, "Ó fi Pétérù síta!" Mo wá bi wọ́n pé, "Àwọn tó ń gbàdúrà pé kí Pétérù jáde, kí ló dé tí wọn ò gbà gbọ́ pé òun ló wà lẹ́nu ọ̀nà?" Ọmọ mi kejì, ọmọ ọdún 11 ni, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Bóyá wọ́n ti gbà á títí tí ó ti rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn ò lọ sílé wọn."

Mi ò fi ohunkóhun kún un. Nígbà tí ọmọ bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, a kì í tiẹ̀ ṣí Bíbélì. A ó tẹ́ ẹní, a ó gbé àtẹ ẹ̀gúsí sáàárín, a ó máa bó o, èmi yóò sì máa fi ẹnu sọ ìtàn. Ìyá ìyá mi ní Ìdànrè ni mo ti rí èyí. Kò mọ lẹ́tà kan nínú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń fọ́ kòkó lóko, àwa ọmọ yóò máa tú èso rẹ̀ jáde sínú agbọ̀n, wàrà kòkó yóò ti dé ìgbọ̀nwọ́ wa, màmá yóò sì máa sọ ìtàn Jósẹ́fù, bí wọ́n ṣe jù ú sí kòtò, bí wọ́n ṣe tà á. Nígbà tí mo wá mọ ìwé kà tí mo ka ìtàn náà fúnra mi, ohùn màmá ni mò ń gbọ́. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótì pé ìgbàgbọ́ tó wà lára rẹ̀ ti kọ́kọ́ wà lára Lóìsì ìyá rẹ̀ àgbà àti Yùníìsì ìyá rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé àwọn obìnrin méjèèjì náà á ti ní àtẹ tiwọn. Mósè pàápàá, nínú Diutarónómì orí 6, nígbà tó ń sọ ibi tí a ó ti máa fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ ọmọ, ilé tí a jókòó sí ló dá, ọ̀nà tí a ń rìn, ìgbà tí a bá dùbúlẹ̀ àti ìgbà tí a bá dìde.

Ìwé orúkọ

Ohun tó so ilé wa mọ́ ìjọ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ ra ìwé ilé ìwé kan, eléwé 60 ti tó. Ẹ fa ìlà méjì sójú ewé kọ̀ọ̀kan kó lè di ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ọjọ́ tí a kọ ọ́. Èkejì, orúkọ ẹni tàbí ọ̀rọ̀ náà ní ṣókí. Ẹ̀kẹta, ẹ fi sílẹ̀ lófo. Òfìfo yẹn ṣe pàtàkì, màá padà dé orí rẹ̀.

Àwọn ọmọ ló ń kọ ọ́, kì í ṣe èmi. Lálẹ́, kí a tó gbàdúrà, kálukú lè mú orúkọ kan wá, ẹni tó ń kọ̀wé lọ́sẹ̀ náà yóò sì kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kálukú gbàdúrà gbólóhùn kan fún orúkọ tí ẹlòmíràn mú wá. Gbólóhùn kan péré, ní èdè tó fi ń tọrọ ẹran lọ́wọ́ mi. Ọmọ tó bá ti ń yí ohùn padà bíi ti pásítọ̀, màá fọwọ́ kàn án léjìká kó sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Òfin mélòó kan wà. A kì í kọ ohun tó lè dójú ti ẹnikẹ́ni bí ẹlòmíràn bá ṣí ìwé náà. A kì í kọ orúkọ ẹni tí a ń bá jà láti fi ṣépè. A kì í sì í kọ tiwa nìkan: bí orúkọ ará ilé bá ti tó méjì, ti àdúgbò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kí ti ìjọ náà wọlé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ohun tó kéré jù. Àbíkẹ́yìn wa mú ewúrẹ́ ìyá tó wà lódìkejì títì wá, ó ti sọnù láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Kò mọ̀wé kọ, nítorí náà ó yà á síbẹ̀, ẹsẹ̀ márùn-ún ló ní. A gbàdúrà fún ewúrẹ́ náà tọkàntọkàn. Nígbà tó padà dé, òun fúnra rẹ̀ ló lọ ya ìlà kan sí òfìfo ọ̀nà kẹta.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jẹ́ Mùsùlùmí, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé wa níbí. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì bá wá lo ìsinmi ilé ìwé lọ́dọ̀ wa, bútà wọn wà lẹ́yìnkùlé, mo sì máa ń rán wọn létí ìrun wọn. Bí a bá jókòó lálẹ́, mo sọ fún wọn pé wọ́n lè jókòó tì wá, wọ́n sì lè lọ ṣeré níta, kò sí ẹni tó máa wò wọ́n láìdáa. Wọ́n máa ń jókòó. Ìsinmi tó kọjá, àgbà nínú wọn mú orúkọ olùkọ́ rẹ̀ kan tó ń ṣàìsàn wá. A kọ ọ́.

Bí ẹ ṣe máa gbé e dé inú ìjọ

Ìpàdé àdúrà wa, aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni. Mo máa ń palẹ̀ ìsọ̀ mọ́ ní aago mẹ́rin lọ́jọ́ yẹn. Ó ń ná mi lówó, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ fún wọn lóúnjẹ kí ẹ tó lọ. Ebi ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe wàhálà nínú ìsìn, kì í ṣe èṣù. Ẹ jókòó síwájú, níbi tí wọ́n ti lè rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ni èmi máa ń kó wọn sí tẹ́lẹ̀ nítorí ariwo, kí ni ọmọ máa rí lẹ́yìn bí kò ṣe ẹ̀yìn gèlè? Ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ ohun tí wọ́n máa bá: pé gbogbo èèyàn yóò gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan náà, pé ẹnì kan lè sunkún, pé kò sóhun tó ń ṣe é, pé àwọn náà kò gbọ́dọ̀ rò pé àfi kí wọ́n pariwo kí Ọlọ́run tó gbọ́ wọn. Bí èyí tó kéré bá sùn, ẹ jẹ́ kó sùn. Yútíkù sùn nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń wàásù títí ó fi já bọ́ láti àjà kẹta, mi ò rí i kà pé Pọ́ọ̀lù bá a wí. Ní ti ìṣọ́ òru, mi ò kì í kó ọmọ tó máa lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kejì lọ. Àwọn kan nínú ìjọ kò fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n ibi tí mo dúró sí nìyẹn.

Ẹ bá àwọn àgbà ìjọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n fún ọmọ níṣẹ́. Àkọ́bí mi ló ń to bẹ́ǹṣì, èkejì ń pín ìwé orin. Ọmọ tó mọ̀ pé bí òun ò bá dé, ìwé orin ò ní tó ọwọ́ àwọn ìyá àgbà lásìkò, kì í bá yín fa lílọ.

Wàyí o, ìwé orúkọ. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a máa ń yan orúkọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tí a ó gbé lọ sí ìjọ. A ó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Bí kò bá fẹ́, ilé ni yóò mọ. Nígbà àkọ́kọ́, ti àkọ́bí mi la gbé lọ. Bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀, awakọ̀ ni, ó ní ìjàǹbá lọ́nà Ọ̀wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kán, ó sì ti lé lóṣù kan tó ti wà ní ọsibítù. Ọmọ mi lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bi í bóyá òun lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó sọ ọ́.

Èrò mi ni pé kí n bá a sọ ọ́. Mo ti sọ fún Bàbá Alàgbà tó ń darí àdúrà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ náà, Bàbá sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú, wọ́n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì wa, wọ́n ní, "Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ? Dìde, sọ fún wa." Ó dìde. Ó ti ga jù mí lọ lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ di etí ìró mi mú bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ó sọ gbólóhùn méjì. Ó dárúkọ bàbá náà. Bàbá Alàgbà ní kí ó tún un pè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́, ó tún un pè, gbogbo ìjọ sì gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ìyá tí kò mọ ọkùnrin náà rí, àwọn arúgbó, àwọn ọ̀dọ́ tó ń lùlù, orúkọ tí ọmọ mi mú wá láti ilé wa ló kún ẹnu wọn. Ọmọ tó ti ń fi àtàǹpàkò fa ìlà sílẹ̀ ni mò ń wò yẹn. Ó ń wo gbogbo wọn káàkiri, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá dijú.

Bí a bá ń bọ̀ nílé, kálukú gbọ́dọ̀ mú orúkọ kan bọ̀ láti inú ìjọ. Nínú kẹ̀kẹ́ la ti ń sọ ọ́: "Èmi gbọ́ ti ìyá tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú." "Èmi gbọ́ ti àwọn tó ń wá ilé." Wọ́n á wọnú ìwé lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ilé bá gbé ọ̀kan lọ, tí ìjọ sì fún wa ní mẹ́ta gbé bọ̀, kò ní pẹ́ tí ọmọ yóò fi mọ orúkọ àwọn èèyàn tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, tí yóò máa béèrè ojú ìyá yìí, tí yóò máa béèrè ilé àwọn wọ̀nyẹn.

Àwa tí a wà lápá ibí yìí tiẹ̀ ní ìtàn tó sún mọ́ wa. Bí a bá ń lọ kí àwọn ẹbí ọkọ mi ní Iléṣà, a ó kọjá Ìkejì-Arákejì, mo sì máa ń fi hàn wọ́n. Ní 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó wá di wòlíì lẹ́yìn náà, ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà yìí kan náà, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, kó tó gbọ́ ìpè Ọlọ́run níbẹ̀. Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lónìí. Ọmọ mi kẹta béèrè bóyá Babalọlá nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ. Mo ní ohùn náà, òun nìkan ló gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ní 1930, ní Òkè-Oòyè níbẹ̀ ní Iléṣà, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló rọ́ wá síbi ìsọjí tó ṣe láti gbàdúrà. Ó wo ọ̀nà náà títí a fi kọjá.

Nígbà tí òfìfo bá ṣì wà lófo

Mo ní màá padà sórí ọ̀nà kẹta.

Ìyá àgbà kan wà ní yàrá ìkẹyìn nínú ọgbà wa, òun ló máa ń bá mi wo àwọn ọmọ bí mo bá pẹ́ lọ́jà. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé fún oṣù mẹ́ta, a gbé e lọ sí ìjọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kú. Ọmọ mi kejì ló ń kọ̀wé lọ́sẹ̀ yẹn. Ó di ìwé náà pa, ó gbé e fún mi, ó ní, "Màámi, àbí a ò gbà á dáadáa ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ bá bi yín ní irú èyí, ẹ má sọ fún un pé ìgbàgbọ́ ló kéré. Ẹ má sì sáré fi àlàyé bò ó mọ́lẹ̀. Mo sọ fún un pé a gbà á dáadáa. Mo sọ pé èmi náà ń sunkún. Bàbá wọn ka Jòhánù orí 11 lálẹ́ ọjọ́ náà, títí dé ibi tí Jésù ti sunkún nítorí Lásárù, ó sì pa Bíbélì dé níbẹ̀. A ò béèrè ìbéèrè kankan lọ́jọ́ náà.

Ìjọ ló ṣe ìyókù. Wọ́n gbé àga wá, wọ́n gbé omi wá, wọ́n kọrin nínú ọgbà wa títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn ọmọ mi sì wà láàárín wọn tí wọ́n ń pín omi. Lẹ́yìn tí a sin ín, ọmọ mi gba ìwé náà padà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo ṣí i lẹ́yìn náà, mo rí ohun tó kọ sí ọ̀nà kẹta: "A sin màmá lọ́jọ́ Ẹtì. Gbogbo wa la kọrin."

Òfìfo pọ̀ nínú ìwé wa. Ẹsẹ̀ bàbá ọ̀rẹ́ àkọ́bí mi kò tíì san tán, ọ̀pá ló fi ń rìn. A ń pe orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ tiyín, ẹ má pa orúkọ rẹ́ torí pé ó pẹ́.

Ìwé kẹta la wà lórí rẹ̀ báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo dé láti ọjà, mi ò lè tètè jókòó, orúnkún mi ti wú nítorí ìdúró. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. A jẹun, a kó fóònù sínú abọ́, bàbá wọn kàwé. Nígbà tó kan àkọ́bí mi, ó ní, "Olúwa, orúnkún ń dun Màámi, wọn ò sì ní sọ. Jọ̀ọ́, bá wọn wò ó." Gbólóhùn rẹ̀ nìyẹn. Mi ò lajú. Mo gbọ́ nígbà tó fa ìwé náà sún mọ́ ara rẹ̀ tó sì ń kọ ọ́ sínú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó wá bá mi nídìí ààrò, ó ní, "Màámi, ṣé mo lè sọ ọ́ fún Bàbá Alàgbà lọ́la?"

Mo ní kó sọ ọ́.